Agogo Kẹ̀kẹ́ Nínú Ẹ́ńjìnnì

Ohun mẹ́ta péré ló ń pariwo lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin: mọ́tò rẹ̀, fèrè rẹ̀ àti bíréèkì rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ẹ ní kó lọ fọ etí rẹ̀. Ohun tí ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Elétí-Ehoro kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè tí agogo kẹ̀kẹ́ dún nínú ẹ́ńjìnnì tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka ro etí ọ̀tún, ó ro ti òsì, ó wá dúró bóyá á tún dún. Kò dún mọ́.

Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún kò tóbi ju bàtà ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ó jẹ́ irú èyí tí àwọn àgbàlagbà tí kò tíì kúrò lọ́mọdé máa ń kó jọ sínú yàrá, tí wọ́n á ṣe òkè sí i, tí wọ́n á ṣe odò sí i, tí wọ́n á ṣe ibùdó ọkọ̀ sí i, títí ìyàwó wọn kò fi ní í rí ibi ká aṣọ sí mọ́. Iṣẹ́ Elétí ni láti fi ohùn sínú wọn. Bí wọ́n bá gbé odi ẹ́ńjìnnì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní í kúrò níbẹ̀ láìké. Á ṣí ìdérí rẹ̀, á fi ṣíìpù kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ sí àárín, á fi lẹ́ẹ̀dì gbígbóná lẹ wáyà mẹ́rin mọ́ ọn, méjì sí ẹsẹ̀ irin, méjì sí mọ́tò. Lẹ́yìn náà, á gbé sípíkà kékeré sínú àpótí ike, á fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo etí rẹ̀ pinpin, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá rí ihò abẹ́rẹ́ gbà jáde níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó máa bú ramúramù á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń yọ lẹ́nu.

Kékeré ṣì nìyẹn. Iṣẹ́ gan-an wà nínú títún ohùn náà ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Mọ́tò ní nọ́ńbà tirẹ̀, fèrè ní tirẹ̀, bíréèkì ní tirẹ̀. Elétí á gbé ọ̀kan sókè, á rẹ ìkejì sílẹ̀, kí mọ́tò má bàa bo fèrè mọ́lẹ̀, kí ohùn rẹ̀ sì wúwo bí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Ó lè lo odidi ọ̀sẹ̀ kan lórí èyí, kí ó máa dá nìkan mi orí bí alángbá. Fèrè ló máa ń fi sí i kẹ́yìn. Ní òwúrọ̀ Túsìdeè yẹn, kò tíì fi fèrè sí i rárá, áńbèlètàsé agogo.

Ìyàwó rẹ̀ ń kó aṣọ fífọ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ó yọ orí wọlé.

"Ṣé kẹ̀kẹ́ lẹ tún wá ń tún ṣe báyìí?"

"Kẹ̀kẹ́ wo?"

"Èyí tó dún yìí ńkọ́? Àbí èmi náà ti di elétí ehoro?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Elétí kò rẹ́rìn-ín. Títí tí obìnrin náà fi yọjú, ó ti fẹ́ gbà pé etí òun ló ń ṣeré. Ó ki íáfóònù bọ etí, ó gbọ́ gbogbo ohun tó fi sínú ṣíìpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gbọ́ ọ nígbà mẹ́ta. Mọ́tò wà níbẹ̀. Bíréèkì wà níbẹ̀. Agogo kò sí níbì kankan.

Lọ́jọ́ kejì, ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Elétí ti yọ ṣíìpù àkọ́kọ́ dànù, ó ti fi tuntun tí kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kàn wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, kò sí lórí irin, iná kò dé ara rẹ̀. Kirín-kirín. Ohùn náà kéré, ó mọ́, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan fi àtàǹpàkò tẹ agogo lẹ́ẹ̀mejì tó sì dúró láti mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́. Elétí gbé ojú sókè wo aago ara ògiri, bóyá kí ó lè rí nǹkan mìíràn wò yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì yẹn ni. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.

Ó mọ àkókò yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sára ohùn kan tó gbà sílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn: ọjọ́, oṣù, "òkè ilé-igi, aago mọ́kànlá kọjá mẹ́rìnlá". Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ti Elétí yàtọ̀. Òun ló ṣu ú, ẹlòmíràn ló kó o, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tó gbàgbé.

Ẹni tó bá a kó o ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi wa ọkọ̀ ojú irin. Ó fi iṣẹ́ náà yangàn débi pé bó bá ń jẹun, ó máa ń wo aago kó tó gbé òkèlè kejì. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ohùn, òun ló ń sọ fún un ibi tó yẹ kó dúró sí lẹ́bàá ọ̀nà irin kí ó lè rí ohùn gidi gbà. Ohùn tí Elétí ń wá jù lọ ni ti ẹ́ńjìnnì tó ń fi agbára gun òkè ilé-igi. Àmọ́ ìdààmú kan wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń súnmọ́ orí òkè, pátákó funfun kan wà tó ń sọ fún awakọ̀ pé kó fọn fèrè, nítorí iwájú díẹ̀ ni ọ̀nà àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ti gba orí irin kọjá, igi sì bo ojú ibẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Elétí bá gbohùn níbẹ̀, fèrè á dún lé mọ́tò lórí. Àwọn oníṣẹ́ ohùn mọ̀ pé bí ohùn méjì bá ti wọnú ara wọn, kò sí ọgbọ́n tí èèyàn lè fi yà wọ́n mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọn fèrè lọ́la," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré. Kí n ṣáà rí mọ́tò gbà ní mímọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

"Ta ló máa mọ̀?"

Lọ́jọ́ kejì, Elétí dúró nínú koríko pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń bọ̀, ó ń mí, ó ń rọra gùn ún, ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sun. Ó kọjá pátákó funfun láìfọn fèrè. Inú Elétí dùn débi pé ó di ojú rẹ̀. Bíréèkì ló la ojú rẹ̀, igbe irin lórí irin tó gùn, tó gùn, tí kò fẹ́ tán.

Bíríkìlà kan ni, lórí kẹ̀kẹ́, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀nà yẹn ló ń gbà lójoojúmọ́, fèrè ló fi ń mọ̀ bóyá kí òun dúró tàbí kí òun kọjá.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá rélùwéè jókòó láti wádìí ọ̀rọ̀, wọ́n bi ẹ̀gbọ́n léèrè ìdí tí kò fi fọn fèrè. Ó ní, "Mo gbàgbé." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Elétí wà nínú yàrá ìwádìí yẹn, lórí àga ẹ̀yìn, ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n yíjú wo òun kí òun lè dìde. Ẹ̀gbọ́n kò yíjú. Elétí kò dìde. Wọ́n gba fìlà iṣẹ́ lórí àgbàlagbà náà, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé aláìbìkítà, láti ìgbà náà ó ti ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé àbúrò rẹ̀, ó ń fi okùn hun ìjókòó àga tó ti ya. Àwọn méjèèjì kò fìgbà kankan sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà láàárín ara wọn.

Ohun kan ṣì wà tó burú jù bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Igbe bíréèkì tó wà lópin ohùn yẹn, Elétí kò pa á rẹ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú bíríkìlà, ó ń wá igbe bíréèkì tó dára fún oníbàárà kan, kò rí. Ó tún gbọ́ ti òkè ilé-igi. Kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó gé e, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ohùn ni ohùn ń jẹ́, irin kò mọ ẹni tó kú. Àwọn oníbàárà yìn ín. Wọ́n ní bíréèkì rẹ̀ a máa mú kí ara èèyàn gbọ̀n. Láti ìgbà náà, kò sí ẹ́ńjìnnì tó kúrò lórí tábìlì rẹ̀ tí kì í ké igbe yẹn bó bá fẹ́ dúró.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè yẹn kan náà, ẹ̀gbọ́n pè é sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ń fa okùn àga kan le, kò gbé ojú sókè.

"Wọ́n ti gbà," ló wí.

"Àwọn ta, Ẹ̀gbọ́n?"

"Opó bíríkìlà. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń rán èèyàn sí i. Ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, láago mọ́kànlá. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un kí n tó kú."

Elétí mọ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n òun bá kúnlẹ̀ ní ilé yẹn tó tún ní òun gbàgbé, irọ́ náà ti wọ ilẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa hú u mọ́. Àgbàlagbà náà máa tọrọ àforíjì ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ nìkan, wọ́n sì lè má dárí jì í. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde ni: "Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn." Ó padà sínú ilé, ó jókòó, ó sì kórìíra ara rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ni dókítà eyín kan pè é lórí fóònù. Kò sí oníbàárà tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ Elétí tó o. Ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án ló ní, tí gbogbo wọn ti gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Aláwàdà èèyàn ni. Bó bá ń fa eyín yín, á máa bi yín ní ìbéèrè tó mọ̀ pé ẹ kò lè dáhùn. Ṣùgbọ́n kò ṣàwàdà lórí fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan kan nílé mi. Ẹ wá lọ́la, kí ẹ sì dé ṣáájú aago mọ́kànlá. Mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ lórí fóònù, ẹ máa ní orí mi ti yí."

Yàrá tí dókítà kó àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sí wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òórùn gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà ló kún ibẹ̀. Irin ọkọ̀ yí yàrá náà po lórí pákó, ó gba abẹ́ òkè onípáálí kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ igbó tí wọ́n fi kànrìnkàn ṣe. Àwọn ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án tò sẹ́yìn ara wọn. Dókítà ti fa okùn iná yọ lára ògiri, ó ká a sọ́wọ́ ara rẹ̀ kó lè dá Elétí lójú pé kò sí iná. Fèrèsé ṣí, oòrùn wọlé, ẹnì kan ń gbá ilẹ̀ nínú ọgbà nísàlẹ̀. Kò sí ohun tó jọ ẹ̀rù níbẹ̀.

"Láti Túsìdeè ni," ni dókítà wí jẹ́jẹ́. "Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kò wọ yàrá yìí mọ́."

Wọ́n dúró. Aago ọwọ́ dókítà ń lọ tí-tí-tí. Nígbà tí àkókò tó, ẹ́ńjìnnì tó jìnnà jù lọ, èyí tó wà lẹ́yìn òkè onípáálí, dún kirín-kirín. Lẹ́yìn náà, èyí tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, èyí tó tún tẹ̀lé e. Ohùn náà ń gbéra láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ó ń yí yàrá náà po, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà tó mọ̀ dáadáa.

"Ta ló ń bọ̀ yìí?" ni dókítà bi í. Ọwọ́ rẹ̀ ti di apá Elétí mú.

Nígbà tó kan ẹ́ńjìnnì kẹsàn-án, tó wà níwájú wọn gan-an, agogo kò dún. Igbe bíréèkì ló jáde. Gbogbo àwọn mẹ́sàn-án ké e lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí iná, láìsí ẹsẹ̀ tó yí. Ó gùn, ó gùn, kò fẹ́ tán. Elétí ti gbọ́ igbe yẹn ní ẹgbẹ̀rún ìgbà lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó ti fi nọ́ńbà gbé e sókè, ó ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ẹni ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ bó ṣe gbọ́ ọ nínú koríko. Ó jókòó sílẹ̀ lójijì, ó fi ọwọ́ bo ojú.

Nígbà tó délé, ẹ̀gbọ́n ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ń tẹ kọ́là rẹ̀ tó ti pọ́n. Elétí dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló dé?"

Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀. Ó kù kó pọ̀ ọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ lọ́la."

Ẹ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó wò ó pẹ́. "Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Kí n ṣáà tẹ̀lé yín ni."

"Ọ̀rọ̀ tó ti tán lo fẹ́ lọ tú?"

Ẹ̀gbọ́n padà sídìí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní kí ó má pẹ́ jí.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Elétí fi ẹ́ńjìnnì tó kọ́kọ́ dún sínú báàgì, ó gbé e kọ́ èjìká. Kò fẹ́ kí ó dún nílé létí ìyàwó rẹ̀ nígbà tí òun kò sí níbẹ̀. Ibi tí ìgboyà rẹ̀ mọ nìyẹn.

Ilé bíríkìlà mọ́. Ògiri iyàrá àlejò dán bí awo, kò sí ojú ọwọ́ kankan lára rẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló rẹ́ ẹ. Níta, ògiri ọgbà tó bẹ̀rẹ̀ ga dé àyà èèyàn, ó wá dúró síbẹ̀, búlọ́ọ̀kù ìyókù ṣì wà nílẹ̀, koríko ti hù bò ó. Opó náà ní kí wọ́n jókòó. Obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀ ni, ó fún wọn lómi, ó jókòó síwájú wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì sórí itan.

Ẹ̀gbọ́n kò mu omi. Ó bi í ní àlàáfíà ilé, ó bi í ní ti ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo. Opó ní ọmọ ti pé ọdún mẹ́wàá, pé ara rẹ̀ le, àmọ́ kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré. Ó ní àwọn tíṣà ń ṣàròyé rẹ̀. Bí aago mọ́kànlá bá ti kọjá díẹ̀, á ní òun fẹ́ jáde, bí wọn kò bá jẹ́ kó jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi orí. Níkẹyìn, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo wa ọkọ̀ náà. Mo gbàgbé láti fọn fèrè."

Elétí rí ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ti rù tó. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, nísinsìnyí, nísinsìnyí, kò sì mira.

Nínú báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, agogo dún. Kirín-kirín.

Opó fò dìde. "Kí ló dún yẹn?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó rìn lọ sídìí kọ́tìnì tó bo ọ̀nà iyàrá, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin kan dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, ó di agogo kẹ̀kẹ́ kan mú mọ́ àyà. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń tẹ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ohunkóhun kò dún lọ́wọ́ rẹ̀. Inú báàgì Elétí ló dún.

"Mo ti yọ inú ẹ̀," ni opó wí. Ohùn rẹ̀ ti di wúyẹ́wúyẹ́. "Mọ́ńdeè tó kọjá ni mo yọ gbogbo inú ẹ̀ dànù, nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́. Òfìfo lásán nìyẹn. Kò lè dún." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọdún mẹ́ta lò ń lu nǹkan yìí sí mi létí. Kí ló ṣe ẹ́? Kí lò ń fi pè?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó yá a lẹ́nu bí ohun tó ti há sórí tipẹ́.

"Èmi ni mo yọ ọ́ lára kẹ̀kẹ́ bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n fún mi ṣeré. Wọ́n ní tí àwọn bá dé, kí n dá a padà. Tó bá wà lára kẹ̀kẹ́ ni, wọn ì bá lù ú. Ọkọ̀ ì bá gbọ́, ì bá dúró." Ó tún tẹ̀ ẹ́. Báàgì dún. "Mo wá ń lù ú bá wọn."

Opó fi ọwọ́ di ògiri tí ọkọ rẹ̀ rẹ́.

Ohun tí ìtìjú ẹ̀gbọ́n kò lè ṣe, ohun tí ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án kò lè ṣe, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló ṣe é. Elétí kò mọ ìgbà tó kúrò lórí àga. Ó bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọmọ ọdún mẹ́wàá, ojú àwọn méjèèjì dọ́gba.

"Ọmọ mi, gbọ́. Agogo kẹ̀kẹ́ ò lè dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Ariwo mọ́tò ò ní jẹ́ kí awakọ̀ gbọ́ ọ. Fèrè ni bàbá ẹ máa ń tẹ́tí sí kí wọ́n tó kọjá. Lọ́jọ́ yẹn, fèrè ò dún. Kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fọn ọ́n. Mo dúró sínú koríko, mo ń gba ohùn ọkọ̀ sílẹ̀, mi ò fẹ́ kí fèrè bà á jẹ́. Torí ohùn lásán ni."

"Àbúrò," ni ẹ̀gbọ́n wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ó tó."

"Kò tíì tó, Ẹ̀gbọ́n."

Opó ti sún mọ́ wọn. "Kí lẹ wá fi ohùn náà ṣe?" ló bi í.

Ìbéèrè tó ti ń sá fún láti ọdún mẹ́ta nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bi í rí àyàfi ara rẹ̀. Ó lè purọ́. Ta ló máa mọ̀?

"Mo fi sínú ọkọ̀ ìṣeré," ló wí. "Igbe bíréèkì yẹn. Gbogbo èyí tí mo ń ṣe ni mo ń fi sí. Mò ń tà á."

Opó wò ó bí ẹni tó ń wo ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò bú u. Kò gbá a létí, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni Elétí ń fẹ́. Ẹ̀gbọ́n ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì, ẹkún tí kò sun níbi ìwádìí, tí kò sun nígbà tí wọ́n gba fìlà lórí rẹ̀. "Ǹ bá ti kọ̀ fún un," ló ń wí ṣáá. "Ọwọ́ mi ló wà lórí fèrè. Mo lè kọ̀ fún un."

"Ẹ dìde, Bàbá," ni opó sọ fún ẹ̀gbọ́n. Ó fa apá rẹ̀ sókè. Kò fa ti Elétí. "Ẹ máa lọ sílé. Mo ti gbọ́ tiyín. Ti ẹni yìí, mi ò tíì mọ ohun tí màá wí sí i. Bóyá mi ò ní í mọ̀ ọ́n láé."

Ọmọbìnrin náà kò tíì kúrò níbi tó dúró sí. Ó ń wo ojú Elétí, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò tó le.

"Ṣé kì í wá ṣe èmi?" ló bi wọ́n.

"Kì í ṣe ìwọ," ni Elétí wí. "Èmi ni. Kì í ṣe ìwọ rárá."

Ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀. Opó ń mi orí, rárá, rárá, kì í ṣe ìwọ. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, èémí gígùn kan tó mú kí èjìká rẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú ọwọ́ ọ̀tún Elétí, ó ṣí ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó fi agogo náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbà á nígbà náà," ló wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ síta sínú oòrùn. Wọ́n gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sáré lọ sí ojú pópó níbi tí àwọn ọmọ mìíràn ti ń pariwo. Elétí dìde pẹ̀lú agogo lọ́wọ́. Ó wo báàgì rẹ̀, ó wo àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó wo tábìlì opó, kò sì mọ ibi tó lè gbé e sí.